Kí Iná Wa Máa Wo Ilẹ̀, Kó Má Máa Wo Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpérò orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí iná òru àti ojú ọ̀run, Sanson

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó má bínú, kó tún wọlé padà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ fi àkọlé ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, àwa tí a ò tíì rí iná tó tàn, ẹ̀yin ti ń sọ pé iná lè pọ̀ jù?” Ìbéèrè gidi ni, a ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé nítorí pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni a ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ báyìí. Ìlú tó ti ri òpó iná ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mọ́lẹ̀ láìronú, owó ńlá ni yóò fi tún un ṣe. Ìlú tí kò tíì rì wọ́n, ẹnu lásán ló fi ń tún un ṣe. Àwọn àgbà ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òpó iná gan-an ni igi gánganran tí à ń sọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀. A ò wá sọ pé ká má tan iná. Aboyún tó ń rọbí lóru nílò iná. Dókítà àti nọ́ọ̀sì nílò iná. Ọmọ tó ń kàwé fún ìdánwò nílò iná. Ìyá tó ń ta ọ̀gì àti àkàrà lẹ́bàá títì nílò iná. Ẹni tó bá ní ká pa gbogbo iná, kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Ohun tí a wá sọ ni pé iná ní ibi tó yẹ kó wò, ó ní àkókò tó yẹ kó tàn, ó sì ní ìwọ̀n.

Kí ni iná àṣejù?

Ẹ wo òpó iná tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè bí ẹni ń wo ọ̀run. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máà kan ilẹ̀ rárá. Òmíràn ń wọ ojú ẹni tó ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, òmíràn ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá ọmọ tó ń sùn, èyí tó kù ń lọ bá àwọsánmà. Bí ẹnìkan bá ń pọn omi sínú ìkòkò, tí omi ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé a ó sọ pé omi rẹ̀ pọ̀ ni? A ó ní ó ń ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo ojú ọ̀run, eruku yẹn á gba ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè, á tú u ká, gbogbo òkè ìlú á wá pọ́n bí ibi tí iná ti ń jó ìgbẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé àwòrán gbogbo ayé jáde, tó fi ibi tí iná ti ba òru jẹ́ hàn. Wọ́n rí i pé ó ju 80 nínú 100 èèyàn ayé lọ tó ń gbé lábẹ́ ọ̀run tí iná ti bà jẹ́. Wọ́n rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ aráyé kò lè rí ọ̀nà funfun tó gba àárín ọ̀run kọjá lóru mọ́, ọ̀nà funfun tí ọmọ Sanson kàn máa gbójú sókè rí bó bá jáde lóru ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí òṣùpá. Ìwádìí kan náà sọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí ọ̀run wọn ṣì mọ́ jù lọ fún àwọn tó ń gbé níbẹ̀: Chad, Central African Republic àti Madagascar. Gbogbo wọn, Áfíríkà ni. Ẹ ò rí i pé nínú ohun tí ayé ń wá kiri, ọ̀kan wà tí àwa ṣì ní?

Lọ́dún 2023, ìwádìí mìíràn jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti ń ka ìràwọ̀ láti ọdún 2011 títí dé 2022, tí wọ́n ń kọ ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń fi nǹkan bíi 10 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: bí wọ́n bá bí ọmọ síbi tí ojú ti lè rí ìràwọ̀ 250, nígbà tí ọmọ náà bá fi máa pé ọdún 18, 100 péré ni yóò máa rí. Láàárín ìgbà tí ọmọ wa fi ń dàgbà tó ìyàwó í gbé, ó ju ìdajì ìràwọ̀ rẹ̀ lọ tí yóò ti bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀

Ẹnìkan lè ní, “Ṣé ìràwọ̀ la ó jẹ ni?” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Sójà tí à ń gbìn ní agbègbè yìí, òru ló ń kà. Ọkà bàbà ilẹ̀ wa náà, òru ló ń kà. Kì í ṣe ojú ọ̀sán ló ń sọ fún wọn pé àkókò òdòdó tó; gígùn òkùnkùn ni. Bí òru bá ti gùn tó bó ṣe yẹ, wọ́n á yọ òdòdó, wọ́n á so. Bí a bá wá ri òpó iná tó mọ́lẹ̀ gan-an sẹ́bàá oko sójà, tó ń tàn títí ilẹ̀ fi mọ́, sójà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé òru ti gùn. Ewé rẹ̀ á máa tutù yọ̀yọ̀, kò ní so lásìkò. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa: nígbà tí gbogbo oko bá ti gbẹ, tó tó kórè, ibi tí iná títì tàn dé á ṣì máa tutù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ohun ọ̀gbìn tó bá pẹ́ so, ọ̀gbẹlẹ̀ ni yóò pàdé.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ìyá tó ń se irú. Igi irú, lálẹ́ ni òdòdó rẹ̀ tó rí roboto bí bọ́ọ̀lù máa ń ṣí. Àdán ló sì máa ń wá lá oyin rẹ̀, tó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti orí igi kan dé orí èkejì. Oyin náà máa ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àdán ni àgbà iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ àdán tó ń jẹ èso kì í fẹ́ dé ibi tí iná bá ti mọ́lẹ̀ kedere. Bí a bá kọ iná ńlá sí igi irú lójú, a ti lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Irú tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ wa, àdán lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Yímíyímí ńkọ́? Àwọn kan lè rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n yímíyímí ló ń gbé ìgbẹ́ màlúù wọ inú ilẹ̀, ilẹ̀ á lọ́ràá. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé ọ̀nà funfun ojú ọ̀run yẹn ni yímíyímí tó ń ṣiṣẹ́ lóru ń wò tó fi ń yí ẹrù rẹ̀ lọ gbọnrangandan. Lọ́dún 2021, ìwádìí mìíràn fi hàn pé níbi tí iná bá ti bo ìràwọ̀, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹ ò rí i: ẹ̀dá tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń ka ojú ọ̀run ju àwa lọ.

Ní ti àfòpiná àti èsúnsún, a ò ní sọ púpọ̀, gbogbo wa la ti rí wọn tí wọ́n kú jọ sábẹ́ iná nígbà òjò àkọ́rọ̀. Òwe ti sọ pé àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n inú àwọn kòkòrò òru yẹn náà ni àwọn tó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri wà.

Ara èèyàn náà ń ka òru. Bí ilẹ̀ bá ṣú, nǹkan kan wà tí ara máa ń sun jáde nínú wa tó ń sọ fún wa pé oorun ti tó. Iná funfun tó dà bí aró, irú èyí tó ń ta ojú, òun ló máa ń dí nǹkan yẹn lọ́wọ́ jù. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú, tó jọ ti fìtílà epo, kì í dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ní ọmọ kì í sùn nítorí iná ojúde kò parọ́.

Ẹ jẹ́ ká parí ìpín yìí sórí owó. Iná oòrùn tó ń hù káàkiri àwọn ìlú wa báyìí, bátìrì ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ní kó tàn kíkankíkan láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, bátìrì á tètè gbó. Bó bá gbó, òpó á dúró bí igi gbígbẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ẹni tí yóò ra òmíràn. Kò sí ẹni nínú wa tí kò tíì rí irú òpó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sọ́run, bátìrì ló ń jẹ.

Olè ńkọ́?

Èyí ni ìbéèrè tó le jù, àwọn ọdẹ wa ló sì bi wá. Lóòótọ́, òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ìlú tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ pé kó máa jókòó sínú òkùnkùn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọdẹ fúnra wọn. Bí ẹnìkan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ lójú lóru, ṣé o lè rí ẹni tó dúró lẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì yẹn? O ò lè rí i. Ojú tó bá ti rí iná ńlá, ó tó ìdajì wákàtí kó tó tún mọ òkùnkùn lò dáadáa. Iná tó ń ta ojú kì í lé olè. Ibi ìfarapamọ́ ló ń ṣe fún un, torí ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná náà mọ́lẹ̀ á ṣú biribiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iná tó tẹrí ba, tó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba, tó kárí gbogbo ọ̀nà, òun ni ọdẹ fi ń rí ojú èèyàn. Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò lòdì sí ààbò. Ó ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àrà tí àwa dá. Lọ́dún 1958, ìlú Flagstaff ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin lórí àwọn iná ńlá tó ń wo ọ̀run, nítorí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lórí òkè wọn. Lọ́dún 2001, ìlú kan náà ló kọ́kọ́ gba orúkọ ìlú tó tọ́jú òru láyé, ìlú ńlá sì ni, kò dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn. Ní Áfíríkà wa níbí, Gúúsù Áfíríkà ṣòfin lọ́dún 2007 láti dáàbò bo àwọn ibi tí ilé ìwo-ìràwọ̀ wọn wà. Namibia gba orúkọ fún NamibRand lọ́dún 2012, ibi ìpamọ́ òru àkọ́kọ́ ní Áfíríkà; àwọn àlejò ń sanwó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí àwa ń rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ Faransé pàápàá, tí ọ̀pọ̀ òfin wa ti wá, fi ìwé àṣẹ ti 27 oṣù Kejìlá ọdún 2018 lélẹ̀ pé iná ojú fèrèsé ìtajà gbọ́dọ̀ kú lóru, ó pẹ́ tán, ní aago kan.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń dáàbò bo òru, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, kó àwọn èèyàn jọ láti gbogbo ayé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún odindi ọ̀sán kan àti òru kan. Irú àpérò bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe lónìí. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun Amẹ́ríkà bá lè bá ẹni tó wà ní Áṣíà sọ̀rọ̀ ọ̀run kan náà, ọmọ Sanson tó wà ní Cotonou lè bá baálẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́.

Kí a má sì gbàgbé pé ojú ọ̀run wa ti pe àlejò rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá gba Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá, ilẹ̀ ṣú láàárọ̀ ní agbègbè wa yìí. Àwọn èèyàn ti ilẹ̀ jíjìn wá sí ìhà ibí nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan péré. Ohun tí ẹlòmíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú tọ̀ wá, kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ohun tí a ń béèrè

Ẹgbẹ́ àgbáyé yẹn àti àwọn onímọ̀ iná fi ìlànà márùn-ún lélẹ̀ lọ́dún 2020. A ti tún wọn sọ ní èdè wa kí ọmọdé lè há wọn sórí:

Èkíní, má tan iná tí kò ní iṣẹ́.
Èkejì, jẹ́ kó wo ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Kó tẹrí ba wo ilẹ̀.
Ẹ̀kẹta, má jẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.
Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ẹsẹ̀ bá dá, dín in kù tàbí kí o pa á.
Ẹ̀karùn-ún, lo iná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, má lo èyí tó funfun bí aró.

Ní ti ẹ̀karùn-ún yẹn, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lọ́jà. Nọ́ńbà kan wà lára páálí gílóòbù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àńpúùlù, tí lẹ́tà K tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ 6500K, funfun aró ni. Bó bá jẹ́ 3000K tàbí kó dín, pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Fún ojúde àti ẹ̀bá títì, ẹ ra èyí tí kò ju 3000K lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin aláṣẹ. Kọ́múùnù Tchaourou ní arrondissement méje, ilẹ̀ rẹ̀ sì ju 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Kò sí ọdún tí owó iná yóò kárí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí òpó kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ibi tí wọ́n rì í sí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù bá ń ṣe ètò ìdàgbàsókè rẹ̀, a fẹ́ kí ohùn Sanson wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó fẹ́ wá ri òpó, ẹ jẹ́ kí nǹkan mẹ́rin wà ní kíkọ sílẹ̀: kí orí iná náà tẹ́jú, kó wo ilẹ̀, kí iná náà má ju 3000K lọ, kó máa dín ara rẹ̀ kù láti aago mọ́kànlá alẹ́, kí orúkọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe àti ibi tí owó bátìrì yóò ti wá hàn gbangba. Nǹkan mẹ́rin yìí kì í ṣe ohun ìnira. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rì í tán ló máa ń di ìnira.

Ẹ̀yin baálẹ̀, a bẹ̀ yín kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan jókòó, kí ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí iná kọ́kọ́ dé. Èrò tiwa ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn àti ilé ìgbẹ̀bí, lẹ́yìn náà ọjà, ìkóríta, ibi omi àti ilé ìwé. Kí ó jìnnà sí oko sójà àti sí àwọn igi irú tí àdán ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa yóò rìn yí ìlú ká lóru pẹ̀lú àwọn ọdẹ, wọn yóò kọ ibi tó ṣókùnkùn tó léwu sílẹ̀, wọn yóò sì kọ òpó tó ti kú sílẹ̀, kí ìwé yẹn lè tọ ìgbìmọ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ ṣeun tí ẹ ń ràn wá lọ́wọ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ fi iná ta ìlú lọ́rẹ, ẹ má fi iná pápá bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ojúde bàbá yín. Iná kékeré mẹ́wàá tó tẹrí ba sàn ju ńlá kan tó ń fọ́ gbogbo àdúgbò lójú. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, bí èrò bá ti túká, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa iná ìta.

Àwọn bàbá wa wo ọ̀run mọ àsìkò, wọ́n wo òṣùpá mọ oṣù, wọ́n sọ ìràwọ̀ lórúkọ. Òwe àgùàlà tí wọ́n pa, pé ó ń bá òṣùpá rìn, aráyé ṣe bí ajá rẹ̀ ni, ọmọ tí kò rí àgùàlà rí kò lè lóye rẹ̀. Ọmọ Èkó tó ń gbọ́ wa báyìí mọ ohun tí à ń wí. Ní Sanson, kò tíì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká gba iná, ká gbà á tayọ̀tayọ̀, ká sì fi ọgbọ́n gbé e dúró.

Ẹ̀yin ọba wa, ọ̀rọ̀ dọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè níbí. Ẹni tó wà lórí fóònù, kó kọ ọ́ ránṣẹ́.